Má jẹ́ kí iná kàn án: ìwé ìṣègùn bàbá àgbà àti iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ-ọmọ

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìsẹ́yìn ni mo ti ń kọ̀wé yìí. Oníṣègùn ni bàbá tó bí bàbá mi. Kí wọ́n tó dágbére fáyé, wọ́n pe bàbá mi jókòó, wọ́n ń sọ, bàbá mi ń kọ, títí ìwé àkọsílẹ̀ méjì fi kún. Mo ti wà ní ọdún kẹta ní yunifásítì báyìí, kẹ́mísírì ni mò ń kà, mo sì fẹ́ fi ohun tó wà nínú ìwé náà ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi. Olùkọ́ mi kan ní kí n má fàkókò ṣòfò, pé orí ohun tó ti jáde nínú jọ́nà, ìwé tí àwọn olùwádìí ń tẹ iṣẹ́ wọn sí, ni kí n ti bẹ̀rẹ̀. Àbúrò bàbá mi ní tiwọn ní kò sóhun tó kù láti wádìí, àwọn bàbá wa ti parí iṣẹ́. Wọ́n ní ohun tí àgbà fi ìjókòó rí, bí ọmọdé gun orí igi, kò lè rí i. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀? Ìyá mi tún ní kí n máa gbo àgbo ibà inú ìwé náà fún àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Mo da ìlànà kan kọ sí ìsàlẹ̀ kí ẹ lè rí bí ìwé náà ṣe rí: "Efinrin ẹ̀kúnwọ́ mẹ́ta. Gbo ó sínú omidùn. Má jẹ́ kí iná kàn án. Ife kékeré láàárọ̀, ife kékeré lálẹ́. Fún inú rírun àti ìgbẹ́ gbuuru."

Ìdáhùn

Ti àbúrò rẹ ni kí n kọ́kọ́ mú kúrò ńlẹ̀, torí òun ni kò ṣeé fi dúró. Ọmọ ọdún mẹ́rin tí ara rẹ̀ bá gbóná, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n gún un ní ìka, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Ibà ẹ̀fọn lè gbẹ̀mí ọmọdé kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Bí àyẹ̀wò bá fi hàn pé ibà ni, oògùn tí wọ́n máa fún un sábà máa ń ní artemether tàbí artesunate nínú, tí wọ́n pa pọ̀ mọ́ oògùn mìíràn. Kó lò ó tán bí wọ́n ṣe kọ ọ́ fún un, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ti balẹ̀. Bá mi sọ fún ìyá rẹ pé n kò tàbùkù ìwé bàbá. Oògùn tí mo dárúkọ yìí gan-an, inú ìwé oníṣègùn àtijọ́ ni wọ́n ti rí ọ̀nà rẹ̀, ìtàn bí wọ́n ṣe rí i ni mo sì fẹ́ fi dá ọ lóhùn.

Ní ọdún 1967, ogun Vietnam ń gbóná lọ́wọ́. Ibà ń pa àwọn sójà Àríwá Vietnam nínú igbó, chloroquine tí gbogbo ayé gbójú lé kò sì ràn án níbẹ̀ mọ́. Ìjọba Ṣáínà dá iṣẹ́ àṣírí kan sílẹ̀ láti wá oògùn tuntun. Ọjọ́ kẹtàlélógún oṣù karùn-ún ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, ni wọ́n bá fi ọjọ́ náà sọ iṣẹ́ ọ̀hún ní 523. Ní 1969, wọ́n gbé apá kan rẹ̀ lé obìnrin kan lọ́wọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gíga ìṣègùn ìbílẹ̀ ní Beijing. Tu Youyou lorúkọ rẹ̀. Kò gba oyè ọ̀mọ̀wé, kò kàwé lókè òkun rí. Yunifásítì ló ti kọ́ ìmọ̀ oògùn ti ìgbàlódé, lẹ́yìn náà ni wọ́n tún fi í sẹ́nu ẹ̀kọ́ ìṣègùn ìbílẹ̀ ilẹ̀ wọn fún ọdún méjì àtààbọ̀. Fi ìyẹn sọ́kàn, torí ìwọ náà ti ń ní ẹsẹ̀ méjèèjì yẹn: kẹ́mísírì wà lọ́wọ́ rẹ, ìwé bàbá wà nílé.

Kí ó tó fọwọ́ kan ìgò kankan, ó kó ọ̀rọ̀ àwọn àgbà jọ ná. Ó tú àwọn ìwé àtijọ́, ó lọ jókòó ti àwọn oníṣègùn, ó ka lẹ́tà tí àwọn ará ìlú kọ. Ìlànà oògùn tó rí lé ní 2,000. Ó ṣa 640 nínú wọn sínú ìwé kan. Òun àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fa oje ewé àti egbò, wọ́n ń dán an wò lára eku tí wọ́n ti kó ibà ràn. Ohun tí wọ́n dán wò lé ní 380, láti ara nǹkan bí igba ewéko. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ qinghao. Nígbà kan, ó dín ibà kù lára eku dé ìdá 68 nínú 100, inú wọn sì dùn. Wọ́n tún un ṣe, wọn kò rí ju ìdá 12 sí 40 lọ.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti máa ń sọ ìwé àwọn àgbà sílẹ̀ pé àlọ́ lásán ni wọ́n ń pa. Tu padà sídìí ìwé. Ní ọ̀rúndún kẹrin, oníṣègùn kan tí wọ́n ń pè ní Ge Hong kọ ọ́ pé kí a mú ẹ̀kúnwọ́ qinghao kan, kí a rẹ ẹ́ sínú òṣùwọ̀n omi méjì, kí a fún oje rẹ̀, kí a mu ún tán. Ó ti lé ní 1,600 ọdún tí àwọn èèyàn ti ń ka gbólóhùn yẹn. Ohun tí Tu ṣàkíyèsí ni pé bàbá náà kò dárúkọ iná. Sísè ni wọ́n ń se èyí tó pọ̀ jù nínú àgbo ilẹ̀ Ṣáínà, ṣùgbọ́n Ge Hong ní kí a rẹ èyí, kí a fún un. Ó bá rò ó pé àfàìmọ̀ ni kì í ṣe iná tí àwọn ń lò ní láàbù ló ń ba oògùn inú ewé jẹ́. Ó mú ether, ohun olómi tí ń hó ní ìwọ̀n 35 péré lórí òṣùwọ̀n Celsius, ó fi í fa ohun inú ewé náà. Lọ́jọ́ kẹrin oṣù kẹwàá 1971, èyí tí wọ́n kọ nọ́ńbà 191 sí lára pa gbogbo kòkòrò ibà inú eku, kò ku ẹyọ kan. Wọ́n dán an wò lára ọ̀bọ, bákan náà ló rí.

Kí wọ́n tó fún aláìsàn, òun àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ méjì mu ún láti mọ̀ bóyá ó lóró. Ní 1972 wọ́n gbé e lọ sí erékùṣù Hainan, wọ́n fún àwọn aláìsàn 21, ibà sì lọ lára wọn. Kí ọdún náà tó parí, wọ́n ti yọ ohun tó ń ṣiṣẹ́ gan-an jáde, ó funfun bí iyọ̀: artemisinin. Lára rẹ̀ ni wọ́n ti ṣe artemether àti artesunate tí wọ́n ń fún ọmọ wa lónìí. Ọdún 2015 ni Tu gba ẹ̀bùn Nobel, ó ti di ẹni ọdún 84.

Mo ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ nípa ewé àti egbò láti ìgbà tí irun mi ṣì dúdú, ibi tí mo sì máa ń dá dúró pẹ̀lú wọn nínú ìtàn yìí ni ìdí ìwé tí obìnrin náà padà sí. Gbogbo ayé ló ń bọlá fún àwọn tó ṣáájú. Àwọn tó ń ka ọ̀rọ̀ wọn bí ẹni tó mọ̀ pé wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń sọ, débi pé bí àgbà bá ní "fún un" a ó bi ara wa léèrè ìdí tí kò fi ní "sè é", wọn kò pọ̀.

Mo fẹ́ kí o fi ọ̀wọ̀ dá àbúrò bàbá rẹ lóhùn. Òótọ́ ni òwe wọn. Àgbà rí nǹkan. Ṣùgbọ́n tí Tu bá gbà pé Ge Hong ti parí iṣẹ́, yóò kàn rẹ qinghao sómi fún àwọn sójà ni, yóò sì dúró síbẹ̀. Ewé tó ń jẹ́ qinghao ju ẹyọ kan lọ nílẹ̀ Ṣáínà. Artemisia annua nìkan ló ní ohun tó ń pa kòkòrò ibà nínú tó bẹ́ẹ̀. Ewé rẹ̀ ló wúlò, igi rẹ̀ kò wúlò, ó sì ní àsìkò tí à ń já a, kí ó tó yọ òdòdó. Gbólóhùn Ge Hong kò sọ ìkankan nínú èyí. Bí ó bá tilẹ̀ mọ̀ ọ́n, ó bá a lọ. Ẹni tó bá fẹ́ kí iṣẹ́ bàbá má parun, ó di dandan kó wá ohun tí bàbá kò rí àyè sọ.

Olùkọ́ rẹ náà, mo mọ ohun tó ń dẹ́rù bà á. Ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ló ń ra ewé lọ́jà, tí wọ́n ń sè é, tí wọ́n ń kọ ọ́ pé ó ṣiṣẹ́, tí ẹnikẹ́ni kò sì lè tún un ṣe kó rí bí wọ́n ṣe sọ. Ẹ̀rù yẹn tọ́. Àmọ́ bi í léèrè jẹ́jẹ́ pé àwọn tó kọ jọ́nà yẹn, ta ló sọ ewé tí wọ́n máa já fún wọn? Ewéko inú igbó wa kò lóǹkà. Ẹni tó bá ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan láìsí atọ́nà yóò darúgbó sẹ́nu rẹ̀. Bí ọ̀pọ̀ jọ́nà nípa ewé ilẹ̀ wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyí: "àwọn ènìyàn agbègbè yìí ń lò ó fún báyìí báyìí". Bàbá àgbà rẹ wà lára àwọn ènìyàn agbègbè yẹn. Orúkọ wọn ni kò sí níbẹ̀.

Ó yá, jẹ́ kí a fi efinrin tí o dà kọ yẹn ṣe iṣẹ́.

Bẹ̀rẹ̀ láti orí "má jẹ́ kí iná kàn án". Já ewé efinrin kan, fi ìka ra á, kí o gbóòórùn ọwọ́ rẹ. Òróró ló ń ta sánsán bẹ́ẹ̀, irú òróró tí kì í dúró nínú ìkòkò tó ń hó. Lára efinrin ńlá tó wà káàkiri ọ̀dọ̀ wa, ohun tó sábà máa ń pọ̀ nínú òróró náà ni thymol, thymol sì ń pa kòkòrò àìfojúrí, débi pé wọ́n ń fi í sínú oògùn tí wọ́n fi ń fọ ẹnu. Tí o bá gbé efinrin kaná láìdé e, tí òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé ìdáná, ohun tó yẹ kó wà nínú ife ló ń lọ yẹn. Bàbá àgbà rẹ kò gbọ́ orúkọ thymol rí. Àwọn tàbí ẹni tó kọ́ wọn ti rí i lára aláìsàn pé èyí tí wọ́n sè kì í ṣe bí èyí tí wọ́n gbo, wọ́n sì fi gbólóhùn kan ṣoṣo pa á mọ́.

Omidùn ńkọ́? Kí ló dé tí wọn kò ní omi kànga? Omi orí ògì ti kan. Ásíìdì wà nínú rẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó mú un kan sì wà níbẹ̀ láàyè. Ọ̀pọ̀ ohun kíkorò inú ewé àti èèpo igi ló jẹ́ pé omi kíkan ló ń fà á jáde ju omi lásán lọ. Òdìkejì ohun tí omi kíkan ń ṣe ni kán-ún ń ṣe. Ogógóró ń fa èyí tí omi kò lè fà. Nítorí náà, bí ìlànà kan bá béèrè omidùn, tí òmíràn béèrè kán-ún, tí ẹ̀kẹta béèrè ogógóró, má ṣe rò pé ohun tó wà nítòsí ni wọ́n mú. Àwọn tó ń ta àgbo ní gáréèjì tí wọ́n ń da ogógóró sí gbogbo rẹ̀ nítorí pé òun ló ń tà, wọ́n ti sọ oògùn kan di òmíràn. Gbígbo, sísè, rírẹ, gígún, jíjó: ọ̀nà márùn-ún tí ewé kan náà lè fi di oògùn márùn-ún tí iṣẹ́ wọn kò papọ̀.

Iṣẹ́ àṣekágbá rẹ ti wà nínú ìlà yẹn. Gbo efinrin sínú omidùn nínú ìgò kan. Sè é nínú omidùn nínú ìkejì. Gbo ó sínú omi lásán nínú ìkẹta. Sè é nínú omi lásán nínú ìkẹrin. Kí ìwọ̀n ewé dọ́gba, kí ìwọ̀n omi dọ́gba. Lẹ́yìn náà fi ìgò omidùn tútù kan àti omidùn sísè kan kún un, tí kò ní ewé kankan nínú, torí bí omidùn bá ń dá pa kòkòrò, o kò gbọdọ̀ fi iṣẹ́ rẹ̀ yin efinrin. Sẹ́ wọn dáadáa, fi wọ́n sórí àwo tí o ti gbin E. coli sí, kòkòrò àìfojúrí kan tó lè fa ìgbẹ́ gbuuru, kí o wọn àyè tí kòkòrò kò ti rí ibi hù. Kí ẹlòmíràn bá ọ fi nọ́ńbà pààrọ̀ orúkọ ara ìgò, kí ìwọ fúnra rẹ má mọ èwo lèwo nígbà tí o bá ń wọ̀n ọ́n. Ọkàn ọmọ a máa fà sí ti bàbá rẹ̀. Tún un ṣe títí tí ọwọ́ rẹ yóò fi dá a mọ̀. Bí èyí tí a gbo bá borí, o ti fi ẹsẹ̀ ọ̀rọ̀ bàbá múlẹ̀. Bí kò bá borí, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Inú rírun pín sí oríṣiríṣi, ó sì lè jẹ́ pé ọ̀nà mìíràn ni efinrin ń gbà ṣiṣẹ́ tí kì í ṣe kí ó pa kòkòrò.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀kúnwọ́: ẹ̀kúnwọ́ bàbá àgbà kọ́ ni ẹ̀kúnwọ́ rẹ. Bẹ àgbàlagbà kan tó mọ ewé já nínú ẹbí, kí ó bù ú lọ́pọ̀ ìgbà, kí o máa gbé e lé òṣùwọ̀n, kí o sì kọ gbogbo rẹ̀, èyí tó kéré àti èyí tó pọ̀.

Efinrin wo sì ni? Efinrin ńlá wà, efinrin wẹ́wẹ́ wà, ìlú kan sì lè pe èyí tí ìlú kejì ń pè ní nǹkan mìíràn. Kódà efinrin ńlá tó jẹ́ pé thymol ló pọ̀ nínú rẹ̀ níbì kan, níbòmíràn o lè rí i pé eugenol, tó ń ta bíi kànáfùrù, ló pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà já ẹ̀ka tó ní òdòdó, tẹ́ ẹ sáàárín ìwé ìròyìn, gbé nǹkan tó wúwo lé e títí yóò fi gbẹ. Kọ ibi tí o ti já a, ọjọ́ tí o já a, àti orúkọ tí wọ́n ń pè é níbẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Gbé e lọ sí ilé àkójọ ewéko ti iléeṣẹ́ ìwádìí igbó ní Jẹ́ríkò, Ìbàdàn, tàbí èyí tó wà ní yunifásítì Ilé-Ifẹ̀, kí wọ́n dá a mọ̀, kí wọ́n fún un ní nọ́ńbà. Láìsí nọ́ńbà yẹn, ẹni tó bá ka iṣẹ́ rẹ lẹ́yìn ogún ọdún kò ní mọ ewé tí o ń sọ. Bí ọfọ̀ bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlànà kan, má fò ó nígbà tí o bá ń da ìwé náà kọ, ì báà jẹ́ pé kẹ́mísírì nìkan lo fẹ́ ṣe. Orúkọ ewé àti iṣẹ́ tí wọ́n rán an sábà máa ń wà nínú ọfọ̀, àwọn tí kò ní ìwé sì ti fi í ṣọ́ ìlànà kí ewé kan má baà jábọ́ lójú ọ̀nà.

Àwọn kan ti rin ọ̀nà yìí ṣáájú rẹ nílẹ̀ wa, kí o wá iṣẹ́ wọn kà. Ní Ilé-Ifẹ̀, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, àwọn olùwádìí ń yẹ orin àti pákò tí à ń jẹ láàárọ̀ wò bóyá ó ń pa kòkòrò. Wọ́n ṣàkíyèsí pé orin ata ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń lò fún àyẹ̀wò pa àwọ̀ pupa rẹ̀ mọ́. Àkíyèsí kékeré yẹn ló gbé Ọ̀jọ̀gbọ́n Abáyọ̀mí Ṣófowórà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dédìí ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde, wọ́n sì rí i nínú ìgò pé oje egbò orin ata ń mú kí sẹ́ẹ̀lì tó ti tẹ̀ bíi dòjé padà sípò.

Ìkejì ni Niprisan, òun ni mo fẹ́ kí o kà jù. Reverend P. O. Ogunyale, oníṣègùn ìbílẹ̀ ọmọ Yorùbá, gbé oògùn kan fún àrùn yìí kan náà lọ bá NIPRD, iléeṣẹ́ ìwádìí oògùn ti ìjọba àpapọ̀ l'Ábújá. Iyèré, igi osùn, kànáfùrù àti ewé ọkà bàbà ló wà nínú rẹ̀, ohun tí ìyálọ́jà yóò bá ọ wá jọ láàárín ọjà kan. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n Charles Wambebe ló darí ìwádìí náà. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára aláìsàn 82, láìjẹ́ kí aláìsàn tàbí dókítà mọ ẹni tó ń gba oògùn gidi, ìrora kò sì dé sí wọn lemọ́lemọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Ní 2006, NAFDAC forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà, iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà tó gba àṣẹ àtiṣe é jẹ gbèsè wọlé ní 2008, oògùn sì di ọ̀wọ́n gógó fún àwọn tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbára lé e. Ó ń dùn mí títí dòní. Ogunyale ṣe tirẹ̀, láàbù ṣe tirẹ̀, àwọn aláìsàn yọ̀ǹda ara wọn. Owó àti ètò ló já wọn kulẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa ni a máa mú o. Dókítà Ògúntọ́lá Sàpárà, tó gboyè ìṣègùn ní Scotland tó sì ṣiṣẹ́ l'Ékòó títí ó fi kú ní 1935, fẹ́ràn ewé àti egbò, ó ń kọ́ lọ́dọ̀ àwọn oníṣègùn, ó sì ń lo ohun tó kọ́. Ọkùnrin yìí kan náà ló wọ ẹgbẹ́ àwọn olórìṣà Ṣọ̀pọ̀ná láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó bá wá, ó sì rí i pé àwọn kan níbẹ̀ ń fi èépá ara ẹni tí ìgbóná ń ṣe ko ó ran ẹlòmíràn. Ó tú àṣírí yẹn síta, ìjọba sì fòfin de ẹgbẹ́ náà. Ìfẹ́ tó ní sí ewé kò dí i lójú.

Ní tìrẹ, ohun tí mo fẹ́ kí o máa ṣọ́ jù ni ohun tí àgbà kò lè fojú rí. Wọ́n ríran kedere sí ohun tó ń tètè hàn: ìyàgbẹ́, èébì, egbò tó jinná, ara gbígbóná tó lọ, oró tó pa ènìyàn lọ́jọ́ kan náà. Ewé tó bá ba kíndìnrín jẹ́ lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, ta ni yóò so ó mọ́ àgbo tí aláìsàn mu nígbà èwe? Wo akọ igún, tó ń wọ ọ̀pọ̀ àgbo wa. Ọ̀kan nínú ẹbí Aristolochia ni, ẹbí náà sì ní ásíìdì kan tí ń ba kíndìnrín jẹ́, tí ó sì ń fa jẹjẹrẹ. Ní Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, obìnrin tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló lo oògùn tí wọ́n fi ń dín sísanra kù tí Aristolochia ilẹ̀ Ṣáínà ti ṣèèṣì wọnú rẹ̀. Kíndìnrín ọ̀pọ̀ wọn kú. Bí akọ igún bá wà nínú ìwé bàbá, dà á kọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́, kí o sì kọ ìkìlọ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Má ṣe pa ojú ewé náà rẹ́. Ẹnikẹ́ni nínú ilé kò sì gbọdọ̀ mu ún mọ́.

Kí o tó fi ohunkóhun han ẹnikẹ́ni ní yunifásítì, ya fọ́tò gbogbo ojú ewé ìwé méjèèjì, kí ọjọ́ tí o yà á hàn. Pe ẹbí jọ. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ gbà kí o lo èyí, ẹ kò gbà kí o lo ìyẹn, àti ohun tí yóò tọ́ sí ẹbí bí owó bá jáde níbẹ̀. Kí ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ rẹ náà fọwọ́ sí i. Ní 1995, Amẹ́ríkà fún yunifásítì kan ní ẹ̀tọ́ lórí fífi ata ilẹ̀ pupa wo egbò, ohun tí wọ́n ti ń ṣe ní Íńdíà láti ayébáyé. Íńdíà gbé ìwé àtijọ́ jáde, wọ́n sì fagi lé ẹ̀tọ́ náà ní 1997. Àwọn kan tún jà fún dóńgóyárò ní Yúróòpù. Ní 2000 ni wọ́n fagi lé ẹ̀tọ́ tí wọ́n fún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà kan lórí òróró rẹ̀, àwọn tó ni ẹ̀tọ́ náà pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, ìfagilé yẹn náà ló dúró ní 2005. Ìwé ni Íńdíà fi jà lórí ata ilẹ̀ pupa. Èyí tó pọ̀ jù nínú tiwa ṣì wà lórí ahọ́n àwọn arúgbó, ìdí nìyẹn tí ìwé àkọsílẹ̀ méjì tó wà nílé yín fi ṣọ̀wọ́n tó bẹ́ẹ̀. Nínú iṣẹ́ rẹ, dárúkọ bàbá àgbà ní kíkún níbi tí o ti ń sọ ibi tí ìmọ̀ ti wá, kí o dárúkọ bàbá rẹ tó kọ ọ́, àti ẹni tó kọ́ bàbá àgbà ní iṣẹ́ bí ẹ bá ṣì rántí rẹ̀.

Ìkan tó kù: ìwé yẹn, èyí tó ṣiṣẹ́ nìkan ló wà níbẹ̀. Kò sí bàbá tó ń kú lọ tí yóò máa ka èyí tí kò ṣiṣẹ́ fún ọmọ rẹ̀ kọ. Bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà 191 ni èyí tó ṣiṣẹ́ fún Tu. Ó mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó ṣáájú rẹ̀ torí ó kọ wọ́n sílẹ̀. Wá àwọn tó ń bá bàbá àgbà já ewé lọ, àwọn ìyàwó wọn tó ń da iná àgbo, àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Mú fóònù dání, kí o tọrọ àyè lọ́wọ́ wọn kí o tó gba ohùn wọn sílẹ̀. Bi wọ́n pé aláìsàn irú wo ni wọ́n máa ń dá padà sílé. Bi wọ́n pé ta ni wọn kì í fún ní èyí, aboyún ni àbí ọmọ ọwọ́, kí ni wọ́n rí tí wọ́n fi sọ ọ́ déèwọ̀. Bi wọ́n pé ewé wo ni wọ́n ti ń lò tẹ́lẹ̀ tí wọ́n pa tì. Bí wọ́n bá ní kò sí èyí tí kò ṣiṣẹ́ rí, má bá wọn jiyàn, máa lọ kí wọn, máa bá wọn ṣa ewé. Bó pẹ́ bó yá, wọ́n á rántí ọ̀kan.